Ẹ Jẹ́ Kí Á Ṣe Wolé-wolé Ara Wa

Ẹ̀yin tí ẹ bá wolé-wolé láyé, ẹ ó rántí bí ilé ṣe máa ń gbóná láàárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn bá kàn pé ó ti wọ àdúgbò. Ẹni tí kò gbálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá á sáré mú ìgbálẹ̀. Wọn á da omi àmù nù, wọn á ti ewúrẹ́ mọ́lé. Ọkùnrin náà á dé pẹ̀lú káàkí tó le gbagidi, á ṣí ìdérí ìkòkò, á bẹjú wò ó. Bó bá rí tanwíjí kan péré níbẹ̀, ó di kóòtù. Kò ní bèèrè ẹni tó pọn omi. Ẹni tó ni ilé ló ń bá wí.

Wolé-wolé ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́, tí a jọ ń wo ojú-ìwé wọn lórí Google Scholar. Ìwé ìgbéga ni wọ́n ń tò jọ. Àwọn tó wà nídìí ètò náà ní kí oníkálùkù tẹ ojú-ìwé rẹ̀ jáde, kí iye ìtọ́kasí hàn gbangba lórí rẹ̀. Lítíréṣọ̀ alohùn ni ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìjálá ni wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àmọ́ àpilẹ̀kọ tó wà lókè téńté, èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ibà àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ló dá lé. Èyí tó tẹ̀ lé e, kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ni. Ìjálá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú nísàlẹ̀ bí àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ di oníṣègùn?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú. "Ibà kẹ̀? Èmi tí mo máa ń sá fún abẹ́rẹ́?"

Wọn kò purọ́, wọn kò sì jalè. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́nu géètì ló bá wọn ṣí ojú-ìwé náà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀rọ gbé òkìtì àpilẹ̀kọ síwájú rẹ̀, ó bi í pé ṣé tìẹ nìwọ̀nyí. Ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀ pátá ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ fara jọ tiwọn bá ti kọ nǹkan, ẹ̀rọ a gbé e wá sílé ẹ̀gbọ́n, a gbé e kalẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ. Tanwíjí ti kún inú àmù, onílé kò mọ̀.

Ká ní a tẹ ojú-ìwé yẹn jáde bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fara balẹ̀ kà á ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló fà á. Wọ́n á ní àgbà olùkọ́ gbé iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ké sí gbogbo ẹni tó ń fi ìwádìí jẹun nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jí-ire, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ ti já pa: ẹ wọ inú ilé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ìkòkò wò kí wolé-wolé mìíràn tó dé. Ohun tí kì í ṣe tiwa, ká dá a padà. Ohun tó jẹ́ tiwa tó ṣáko lọ, ká lọ mú un wálé. Ká sì máa kọ orúkọ wa lọ́nà kan ṣoṣo láti òní lọ.

Iye ìtọ́kasí tí wọ́n ń bi wá léèrè yìí kò dédé balẹ̀ lé wa lórí. Ní 1964 ni Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà tó fi ìlú Philadelphia ṣe ibùjókòó, gbé atọ́ka ńlá kan jáde tó pè ní Science Citation Index, tó ń sọ ẹni tó tọ́ka sí ẹni. Ohun tó wà lọ́kàn Garfield kò ju pé kí ẹni tó ka iṣẹ́ àtijọ́ lè mọ àwọn tó ti fèsì sí i lẹ́yìn ìgbà náà, bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran nínú igbó. Nígbà tó yá ni àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipasẹ̀ ẹran wọn ọdẹ fúnra rẹ̀. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California tó wà ní San Diego, gbé òṣùwọ̀n tí à ń pè ní h-index dé. Bí èèyàn bá ní àpilẹ̀kọ mẹ́jọ tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mẹjọ ó kéré tán, tí kò sì tíì ní mẹ́sàn-án tó kún ojú ìwọ̀n mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni h rẹ̀. Google Scholar ti wà láti 2004, ṣùgbọ́n 2011 ló fún oníkálùkù láyè láti ní ojú-ìwé tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó rìn lọ́dọ̀ wa ju àwọn atọ́ka bíi Scopus àti Web of Science lọ, tó jẹ́ pé owó ńlá ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ra àǹfààní wọn.

Webometrics, ètò àwọn ará Sípéènì tó ti ń to yunifásítì àgbáyé ní ipò-ní-ipò láti 2004, ti ń ka ìtọ́kasí ojú-ìwé àwọn olùkọ́ lórí Google Scholar mọ́ ohun tó fi ń pín ipò. Ẹ ti rí ìdí tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ń fi ìwé ránṣẹ́ pé kí gbogbo olùkọ́ lọ ṣí ojú-ìwé kíákíá. Ṣíṣí ni wọ́n sọ o. Ìwé tó ní ká lọ tún un ṣe kò tíì kàn mí lára.

Ẹnì kan á ní kí ló wá kan ọmọ Yorùbá nínú èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ gbé pẹ́ńsù. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì yín sílẹ̀: Olúwaṣeun, Olúwatóyìn, Ọláyínká, Ọmọ́tọ́lá, Oyèníkẹ̀ẹ́, Òjó. Adébọ́lá, Ayọ̀délé, Àbẹ̀kẹ́, Àkànní, Abíọ́lá. Ẹ wá gé gbogbo wọn kù sí lẹ́tà àkọ́kọ́ bí àwọn jọ́nà ṣe máa ń ṣe. O àti A ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ọ àti O á di nǹkan kan náà, nítorí ẹ̀rọ tí kò mọ ìdí tí a fi ń fi àmì sí ìdí lẹ́tà ti gé e dànù. Orúkọ tí bàbá wo ilé wò kó tó sọ, tó sọ bí ọmọ ṣe wáyé àti irú ilé tó ti wáyé, ti di òfo róbótó kan. Ẹ wá fi Adéyẹmí tì í lẹ́yìn: O. A. Adeyemi. Ẹ jọ̀ọ́, O. A. Adeyemi wo? Ti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àbí ti ẹ̀kọ́ nípa ẹja? Ti Ìbàdàn, ti Ìlọrin, àbí ti Houston? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?

N kò ní dá ẹ̀rọ lẹ́bi tán. Àwa la kọ́kọ́ gé orúkọ ara wa. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni rẹ́gísítà ti kọ́ wa pé kí orúkọ bàbá ṣáájú: Adéyẹmí Olúwaṣeun. Bí a bá gbé àṣà yẹn dé orí àpilẹ̀kọ, ẹ̀rọ tó gbà pé orúkọ ìdílé ló ń gbẹ̀yìn á kọ A. Oluwaseun sílẹ̀, Adéyẹmí á sì wọlẹ̀. Òmíràn nínú wa á tún to Dókítà, Alhájì àti Ìyáàfin síwájú, bí ẹni pé ìwé ìpè ìgbéyàwó là ń tẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà pàápàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, òpìtàn Ìbàdàn tó kọ Christian Missions in Nigeria 1841–1891 ní 1965, fi Adé sí àárín orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Àwọn atọ́ka kan ń tò ó sábẹ́ Ajayi, àwọn mìíràn rò pé Ade Ajayi lápapọ̀ ni orúkọ ìdílé. Adéníyì ni Adé yẹn o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin tó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Florida, fi Faransé kọ ìwé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Bí ó bá ti ọwọ́ Faransé wá, Yaï ni, pẹ̀lú ẹ̀kán méjì lórí. Bí ó bá ti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá, Yai gbalasa ni. Babalọlá, orúkọ rẹ̀ mìíràn, á wà níbì kan, kò ní sí níbòmíràn. Joseph náà bẹ́ẹ̀. Òkìkí àwọn baba méjèèjì kò dúró de ẹ̀rọ kankan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún tó kọjá ni mò ń rò, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ju ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa rẹ̀ lọ.

Ká má tíì wá sọ ti àwọn tó yí orúkọ padà. Ògúndélé ló kọ àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́, Olúdélé ló kọ ìkejì lẹ́yìn ìsọjí. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba oyè kìíní, tó fi ti ọkọ gba ìkejì, tó wá so méjèèjì pọ̀ nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n: èèyàn mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ, kò sì sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ rẹ̀ tó nǹkan. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo ní kẹ́ni tó bá yí i padà lọ sọ fún ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà, ó sì tó kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó gbé àmì ohùn òkè rù kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á kọ ẹ, á wá kọ àmì ohùn tì í lẹ́yìn, bí ìyá tó pọnmọ. Ẹlòmíràn ńkọ́, tó kọ́kọ́ tẹ e lásán, tó fi ẹ̀kán kékeré sí i nídìí, tó wá fi àmì lé e lórí? Ìyẹn di ohun mẹ́ta tó ń tò tẹ̀ léra. Lójú èmi àti ìwọ, lẹ́tà kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí kò fara balẹ̀, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn jọ́nà wa tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí Unicode kò tíì délé tún burú jùyẹn lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan máa ń ya lẹ́tà Yorùbá fúnra wọn, wọ́n á gbé ẹ jókòó sórí àga tó jẹ́ ti àmì mìíràn. Lórí bébà, ó dára rèǹtè-rente. Bí ẹ̀rọ bá wá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ jáde nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lónìí, àmì ìbéèrè tàbí àmì owó ni yóò rí níbi tí Ọ yẹ kó wà.

Àwọn kan ti tìtorí ìyẹn sọ pé ká kúkú pa àmì tì. Mi ò gbà. Ẹni tó ń fi èdè Yorùbá ṣe iṣẹ́ tó ní òun kò ní fi àmì sórí orúkọ ara òun, ṣé ó yẹ kó tún máa gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì? Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, ẹ wá fi èyí tí kò lámì síbi tí ojú-ìwé ti fàyè gba àwọn orúkọ yín mìíràn. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà ORCID. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ tí kì í ṣe ti èrè ló ti ń fún ni láti 2012. Díjíìtì mẹ́rìndínlógún ni. Ó dà bí ìtẹ̀ka: orúkọ lè jọra, ìka kì í jọra. Ògúndélé àti Olúdélé lè jọ gbé abẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Bí iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ń wọlé wá, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ń pín sí wẹ́wẹ́. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní àpilẹ̀kọ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ìtọ́kasí mẹ́sàn-án ó kéré tán. Ó ní ẹ̀kẹsàn-án tí wọ́n ti tọ́ka sí nígbà méjìlá, ṣùgbọ́n àwọn kan kọ Yorùbá nínú àkọlé rẹ̀, àwọn kan kọ Yoruba, ẹ̀rọ sì sọ ọ́ di àpilẹ̀kọ méjì, méje níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Mẹ́jọ ni h rẹ̀ yóò jókòó sí. Bó bá so méjèèjì pọ̀, mẹ́sàn-án ni. Kò kọ gbólóhùn kan kún un, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kó jọ.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Peter Jacsó tú àṣírí kan ní 2009: Google Scholar ka "P. Login" àti "F. Password" mọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lójú-ìwé jọ́nà pé kí èèyàn jọ̀ọ́ wọlé, tàbí pé ṣé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ni ẹ̀rọ ti rí orúkọ. Ní 2010, Cyril Labbé, olùkọ́ ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, dá òǹkọ̀wé kan tí kò sí rí sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ike Antkare, ó fi ẹ̀rọ kọ ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí kò nítumọ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka síra wọn. Kó tó pẹ́, h Antkare di 94, ó ju ti Einstein lọ.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn Van der Geer. Ilé-iṣẹ́ Elsevier ń kọ́ àwọn òǹkọ̀wé bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìtọ́kasí, wọ́n wá fi àpẹẹrẹ kan síbẹ̀: Van der Geer, Hanraads àti Lupton, ọdún 2000, àkọlé rẹ̀ dá lé ọgbọ́n kíkọ àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì. Kò sí àpilẹ̀kọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ sí jọ́nà tí wọ́n ní ó ti jáde. Àmọ́ àwọn tó gba àwòṣe náà gbàgbé láti yọ àpẹẹrẹ kúrò, Pieter Kroonenberg ní Leiden ló fura sí i, Anne-Wil Harzing sì kọ nípa rẹ̀ ní 2017. Ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ tí kò sí yìí ti sún mọ́ 400 nínú Web of Science nígbà náà. Mélòó nínú àwa tí a wà láyé, tí a ń mí, ló ní irú ẹ̀ lórí àpilẹ̀kọ kan?

Ẹ̀rín ìyẹn kò ní pẹ́ lẹ́nu wa, nítorí èyí tó wà níta báyìí le. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ní kí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn bá wọn kọ ìwé ìtọ́kasí, ẹ̀rọ náà sì ń hun àkọlé tí kò sí, á fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n gidi sí i. Google Scholar á rí i nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹnì kan, á gbé e wá sójú-ìwé rẹ bí ìwé tí o kọ. Bí o kò bá wò ó, ìwọ lo ni ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o mú ìwé náà wá, ibo lo fẹ́ ti mú un?

Àwọn mìíràn kò dúró de àṣìṣe, wọ́n ń rà á. Àwọn olùwádìí ní ẹ̀ka Yunifásítì New York tó wà ní Abu Dhabi dọ́gbọ́n bí oníbàárà, wọ́n san 300 dọ́là, wọ́n sì gba ìtọ́kasí 50 fún òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹnu lásán dá. Nílé wa níbí, kò dé orí owó: tọ́ka sí mi kí n tọ́ka sí ọ, bí ẹni ń dá èésú. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe fún ẹ̀gbọ́n, torí ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ni. A fi ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn wọlé. Lápá òsì àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré onígun mẹ́rin kan wà. A tẹ ti ibà, a tẹ ti kòkòrò ẹ̀gẹ́, a ń bá a lọ. Bí èèyàn bá ti tẹ ẹyọ kan ni ọ̀rọ̀ Delete á yọ lókè. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀. "Ṣé kò ní pa iṣẹ́ ọlọ́mọ rẹ́?" Rárá, ó kàn ń kúrò nílé yín ni, bí ẹ bá sì ṣì í tẹ̀, ó wà nínú àpótí ìdọ̀tí, ẹ lè mú un padà. Lẹ́yìn ìyẹn la wá àwọn tó pín sí méjì, a tẹ àpótí àwọn méjèèjì, a tẹ Merge, a mú àkọlé tó péye. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ kékeré lẹ́bàá iye ìtọ́kasí, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: ẹ̀rọ ń jẹ́wọ́ fún yín pé àwọn ohun tí òun pa pọ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Àmì ìròpọ̀ tó wà lókè la fi wá àwọn tó ṣáko. A fi orúkọ wọn wá a, pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, tiwọn ṣáájú, ti bàbá ṣáájú. Àpilẹ̀kọ wọn kan lórí ẹ̀rín nínú ìjálá, tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn kọ, ló jáde láti abẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ sódì. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni rí ọmọ rẹ̀ lọ́jà.

Ohun tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá iṣẹ́ kún ojú-ìwé fúnra rẹ̀. A pa á. A ní kó máa kọ́kọ́ fi ímeèlì bi wá léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ní ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìyẹn. Wákàtí kan ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà wá, títí kan kọfí.

Iye ìtọ́kasí ẹ̀gbọ́n já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. N kò ní fi í pamọ́ fún yín. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Èyí mà kéré o." Mo ní ó kéré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín nípa èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Scopus ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè fọwọ́ ara yín tún un ṣe níbẹ̀, ẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ojú-ìwé méjì pọ̀ tàbí kí wọ́n yọ iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì máa tọpinpin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣí ojú-ìwé méjì nítorí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ti àkọ́kọ́, ẹ lọ wá ti àkọ́kọ́ náà kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Texas, tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì ń bẹ lójú-ìwé yín, ẹ yí i padà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà lè máa dákẹ́ torí ìtọ́kasí yín ń gbé e ga. Àwa kọ́ ló yẹ ká bá a dákẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ṣé nọ́ńbà la ó máa sìn ni? Ní 2012, àwọn olóòtú jọ́nà àtàwọn onímọ̀ kan jókòó ní San Francisco, wọ́n kọ ìkéde tí a mọ̀ sí DORA, pé kí á yé fi òṣùwọ̀n jọ́nà díwọ̀n èèyàn, kí á máa ka iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ẹni tó kọ ìwé kan ṣoṣo lórí ẹ̀ka-èdè tó ń kú lọ lè má ní ìtọ́kasí mẹ́wàá kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè wúlò ju ti ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí ná, nọ́ńbà ni wọ́n ń bi wá. Bí ó bá sì ṣe pé irọ́ ló kún inú tiwa, ẹnu wo la ó fi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi wọ̀n wá?

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìgbéga, ẹ má gba bébà lásán mọ́. Ẹ ní kí olùkọ́ ṣí ojú-ìwé náà níwájú yín, kí ẹ bi í nípa èyí tó wà lókè pátápátá. Ẹ máa ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá rí àṣìṣe tirẹ̀ tó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí iye rẹ̀ tó wálẹ̀ má di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù gbogbo wa lọ, ẹ sì dákẹ́ jù. Ẹ gbé tábìlì kan síta, kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹni tí ojú-ìwé rẹ̀ dọ̀tí kó wá.

Ẹ̀yin olóòtú jọ́nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni omi ti ń dọ̀tí. Ẹ yé gé orúkọ sí lẹ́tà kan. Ẹ fi nọ́ńbà ORCID sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ lo lẹ́tà Unicode, ẹ yé gbé fáìlì tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì; fọ́tò lásán ni lójú ẹ̀rọ. Google Scholar fẹ́ kí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan dá wà nínú fáìlì tirẹ̀, kí fáìlì náà má ju megabaìtì márùn-ún lọ, kí àkọlé tóbi, kí orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin sì ń gbé odidi ìdìpọ̀ jọ́nà sókè bí ẹrù gọ́ọ̀nì. Àwọn tó gbé jọ́nà wọn lọ sí African Journals Online, tó ti wà láti 1998, tó sì fi South Africa ṣe ibùjókòó báyìí, rí ìyàtọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la fi ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, aago méje sí aago mẹ́wàá. Mo ń bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn láàárín sáà yìí, kí àgbà mú ọmọdé kan dání, kí ọmọdé mú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n jọ jókòó. Ẹni tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ń fi falẹ̀, kó má dúró dè wọ́n. Fóònù wà lápò. Ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ orúkọ ara yín sí i pẹ̀lú àmì, ẹ tún un tẹ̀ láìsí àmì, kí ẹ wo ẹni tó máa jáde.